Bí Diamond Bá Ti Wọlé

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ń bí Kúnbi nínú tó "ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i," òun gan-an ló sì ń sọ ọ́ jù ní gbogbo Òkòta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yunifásítì aládàáni kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àgọ́ Palace, orí tábìlì rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n yege ṣùgbọ́n tí àyè kò kàn máa ń já sí. Àwọn òbí á gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà rere ọmọ wọn fún un bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kúnbi á wo kọ̀ǹpútà, á ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Wọ́n á dìde, wọ́n á dúpẹ́, ojú wọn á sì ti sọ pé ìkà ni.

Bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú lọ, tí òun náà bá bi Adébánjọ pé ìgbà wo ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa wá mọ àwọn ará ilé òun, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún òun náà ni pé kí ó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Àǹtí Lará, tí òun àti Kúnbi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló mú wọn mọra. Àbúrò ìyá Adébánjọ ni. Lọ́jọ́ tí Adébánjọ wá gbé àǹtí rẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò orin, ó bá awakọ̀ méjì tí wọ́n ń jà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnì kan kò fẹ́ fà sẹ́yìn fún ẹnì kejì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀tún, ó sọ̀rọ̀ sí òsì. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń pe ara wọn ní bọ̀dá. Kúnbi dúró, ó ń wò ó. Ilé àwọn ará Èkìtì tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti tọ́ Kúnbi dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti máa ń bá rédíò jiyàn láàárọ̀ kó tó bá ènìyàn jiyàn lọ́sàn-án. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ẹni tí màá sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀ nìyí." Kò tíì yé e nígbà náà pé ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lè má lè jà fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lú. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì ti di ọ̀rẹ́bìnrin Adébánjọ kí oṣù náà tó parí.

Ìyá Adébánjọ kò fẹ́ ẹ. Opó ni, ó ń ta ọ̀dà ní Ṣógúnlé, òun nìkan ló sì fi ọ̀dà títà tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ní àwọn ará Èkìtì ti mọ̀wé jù, wọ́n á máa fi gírámà bá ọkọ jà. Ó ní ọjọ́ orí Kúnbi ti súnmọ́ ti ọmọ òun jù. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ kò rí ẹ̀sùn mìíràn, ó ní ọmọ náà kò kúnlẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìgbà tí Kúnbi bá lọ kí i, ìpápánu àti omi lásán ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ̀, bí ẹni tí ó wá gba owó iná.

Àfi ìgbà tí Diamond, àbíkẹ́yìn ilé náà, ṣe JAMB, tí ó yege, tí ó sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì tí Kúnbi ti ń ṣiṣẹ́. Àyè kò kàn án. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sáàárín àwọn tó ń dúró. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìrẹsì àti adìẹ ni wọ́n gbé síwájú Kúnbi ní Ṣógúnlé, ìyá náà àti Àǹtí Lará sì jókòó tì í.

"Ìyàwó wa," ó ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú àwọn tó wà ní waiting list?"

"Èmi ni, Mà."

Ìyá náà wo Àǹtí Lará, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹjọ́ ti tán nìyẹn! Bí Diamond bá ti wọlé, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an la máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mi ò ní bi yín ní nǹkan kan mọ́."

Kúnbi gbé adìẹ ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, lẹ́ẹ̀kan náà. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àwọn tí a kọ́kọ́ mú, a máa ń fún wọn ní gbèdéke tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ pé àwọn ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fèsì, tàbí tó bá ní òun ò wá mọ́, àyè ẹ̀ ṣí nìyẹn. Ẹni tí máàkì ẹ̀ ga jù nínú àwọn tó ń dúró de kọ́ọ̀sì yẹn la máa pè. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé, kì í sì í ṣe ẹni tí mo bá fẹ́. Diamond ni ẹnì kejì. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá fi àyè sílẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, kò tíì kàn án."

"Ìyẹn ni ti àwọn tí ò léèyàn níbẹ̀," ìyá náà dáhùn, ó sì tún bu adìẹ sí abọ́ rẹ̀. "Àwa léèyàn."

Nígbà tí Adébánjọ ń sìn ín lọ sí ibi tí yóò ti wọkọ̀, Kúnbi dì í lápá mú. "Bánjọ, padà lọ sọ fún Mummy pé mi ò lè gbé orúkọ ẹnikẹ́ni fo ẹnikẹ́ni. Má jẹ́ kí wọ́n máa retí ohun tí ò sí."

"Mo máa bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Kúnbi, ṣebí o rí i pé inú wọn dùn lónìí. Ìgbà wo ni wọ́n ti pè ọ́ ní ìyàwó rí? Ṣe sùúrù díẹ̀ sí i."

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí ó fi tu àwọn awakọ̀ nínú, Kúnbi náà sì rọ̀. Inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ara rẹ̀.

Ọdún Kérésì lọ. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún tuntun dé, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ fún JAMB mìíràn, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí òbí kankan rò pé ọmọ òun máa fi dídúró tọdún tó kọjá wọlé lọ́dún yìí. Ọjọ́ tí a bá ṣí fọ́ọ̀mù tuntun, lísìtì àtijọ́ ti kú. Kò sẹ́ni tó ń gbé e wọ ọdún mìíràn. Ẹ pe gbogbo wọn. Ẹ ní kí wọ́n máa retí wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tún JAMB ṣe."

Kúnbi jókòó ti fóònù. Ó pe àwọn ará Ìsọlọ̀, ó pe àwọn ará Ìkòròdú, ó pe bàbá kan ní Ìjẹ̀bú tí kò gbọ́ràn dáadáa tí ó sì ní láti pariwo fún. Ìdílé kan ṣoṣo ni kò pè. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá Adébánjọ, ó tún pa á. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ọmọbìnrin tí wọn kò tíì tọrọ kì í gbé ọ̀rọ̀ kíkan lọ ko ìyá ọkọ lójú. Ọmọ tí ìyá náà bí ní í bá a sọ ọ́, tàbí alárinà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tọ́ gbogbo wa. Ohun tí ó ṣe fún àjèjì ní ìṣẹ́jú kan, kò lè ṣe é fún ilé tí ó fẹ́ wọ̀. Ó pe Adébánjọ.

Ilé oúnjẹ kékeré kan ní Àjàó Estate ni wọ́n ti pàdé, nítòsí ibi tí Adébánjọ ti ń bójú tó kágò, ẹrù tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé. Ó ti bu ẹ̀wà fún un kí ó tó dé.

"Tètè sọ fún Mummy," Kúnbi ní kí ó tó jókòó dáadáa. "Kí Diamond lọ ṣe JAMB tuntun. Kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí."

Adébánjọ gbé ṣíbí kalẹ̀. "Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní o ti já àwọn sílẹ̀. Gbogbo Ṣógúnlé ni wọ́n ti sọ fún pé Diamond ti wọlé tán."

"Ta ló ní kí wọ́n sọ ọ́?"

"Ṣé èmi ni?"

"Bánjọ, wò mí dáadáa. JAMB kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti ti fọ́ọ̀mù yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tí àyè bá ṣí fún un, JAMB tuntun ò ní pa á lára. Tí kò bá ṣí, òun ló máa gbà á."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé o máa sọ?"

"Mo ní mo ti gbọ́, olólùfẹ́ mi. Jẹ ẹ̀wà ẹ, kó má tutù."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó bi í léèrè lórí fóònù. Adébánjọ ní, "Má worry. Mo ti ṣètò ẹ̀." Ọkàn Kúnbi balẹ̀. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́, bí gbogbo wa ṣe máa ń gba àwọn tí a fẹ́ràn gbọ́.

Ìparí oṣù kejì ni àyè kan ṣí ní nọ́ọ̀sì. Ọmọ kan tí ó ti wọlé rí físà gbà, ìdílé rẹ̀ sì kọ̀wé pé kò bọ̀ mọ́. Kúnbi rí i láàárọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí lísìtì àwọn tó ń dúró. Orúkọ tó wà lókè ni Salimat. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni Diamond.

Ó pe Salimat. Fóònù rẹ̀ ti kú. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àti sí í-meèlì. Ó tún pè lọ́sàn-án, kò lọ. Ìlànà ọ́fíìsì ni pé bí ẹni tó kàn kò bá jẹ́ títí tí wọ́n fi máa ṣíwọ́ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì, láti àárọ̀, ohun kan náà ni fóònù náà ń sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo kọjá lẹ́yìn rẹ̀. "Kò tíì gbé e?"

"Rárá, sà."

"Tí a bá ti fẹ́ tì, bọ́ sí èkejì." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun gbogbo ti rọrùn nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò bi í. Kò ní parọ́, kò ní yí orúkọ padà, kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó ṣáà jókòó ni, kí ó mu omi, kí ó jẹ́ kí àkókò pé. Ó rí ara rẹ̀ ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó rí ìyá Adébánjọ tí ó gbé iṣu àti èso wọlé, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó mọ̀ pé nọ́ńbà mìíràn wà nínú fáìlì ọmọ náà, nọ́ńbà alágbàtọ́. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì yẹn gbọ́dọ̀ wò ó. Ó ti wò ó láti àná. Ó ti ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Inú bí i sí nọ́ńbà náà. Inú bí i sí Salimat tí kò fi fóònù rẹ̀ sí iná, sí ìyá Adébánjọ àti adìẹ rẹ̀, sí iṣẹ́ òun tí kò jẹ́ kí òun jẹ́ ènìyàn bí ènìyàn yòókù. Ó fi ìbínú náà tẹ nọ́ńbà náà.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ọkùnrin ni, tòun ti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Alàgbà Abdulwasiu? Mò ń pè láti yunifásítì, lórí ọ̀rọ̀ Salimat."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. "Ọmọ mi ni. Wọ́n jí fóònù rẹ̀ gbé. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àyè ti ṣí fún un, sà. Ṣé ó ṣì fẹ́ ẹ?"

Ọkùnrin náà kàn ń pe Ọlọ́run, ó tún ń pe Salimat, títí Kúnbi fi gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré bọ̀. Kúnbi parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún wọn, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú.

Adébánjọ ló kọ́kọ́ sọ fún. Ó rò pé yóò rí ẹni tí yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Àyè ṣí," Adébánjọ ní, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀, "o wá wá ẹlòmíràn kiri kí o lè fi fún un?"

"Òun ló kàn, Bánjọ."

"Ẹni tí fóònù ẹ̀ ò lọ? Kúnbi, ó kù díẹ̀! Ṣé o mọ nǹkan tí o ṣe fún wa?"

"Ṣebí Diamond ti forúkọ sílẹ̀ fún JAMB tuntun. Ó ṣì lè wọlé lọ́dún yìí."

Adébánjọ ní ọ̀gá òun ń pe òun, ó sì pa fóònù.

JAMB ti tì nígbà tí ọ́fíìsì wọn pa lísìtì àtijọ́ rẹ́, tí wọ́n sì ṣí fọ́ọ̀mù tuntun. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà lọ sórí fóònù gbogbo ọmọ tó kù: a dúpẹ́ pé ẹ dúró, àyè kò sí mọ́, ẹ lè fi èsì JAMB tuntun yín wá lọ́dún yìí. Diamond gbé tirẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n ní kí Kúnbi máa bọ̀.

Kò sí adìẹ. Kò sí omi pàápàá. Ìyá náà jókòó sórí àga ńlá, Àǹtí Lará wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Diamond dúró ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Adébánjọ jókòó sí igun yàrá, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́," ìyá náà bẹ̀rẹ̀. Ó na fóònù Diamond sí i. "Kà á sókè. Kí ọmọ mi mú èsì JAMB wá. JAMB wo? Ṣé kì í ṣe èyí tó ti tì?"

"Mummy…"

"Mi ò tíì parí! Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọn ò mọ̀ ọ́ rí, ọ́fíìsì yín pè é pé kí ọmọ ẹ̀ tún JAMB ṣe. Àjèjì! Àwa tí a pè ọ́ níyàwó, o dákẹ́ fún wa. Àyè ṣí, o gbé e fún ẹlòmíràn. JAMB ń tì, o ò sọ. Kí lọmọ yìí fi ṣe ọ́?"

Kúnbi yí ojú sí Adébánjọ. Adébánjọ kò gbójú sókè. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé e: kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ ẹ̀wà Àjàó Estate, kò bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni. Bí ó bá la ẹnu rẹ̀ báyìí, ìyá náà yóò gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, yóò gbọ́ ọjọ́, yóò gbọ́ ohun tí wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin tó wà ní igun yàrá yẹn ni ó fẹ́ kí ó gba òun sílẹ̀. Sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Bánjọ mi, gbólóhùn kan ṣoṣo. Sọ̀rọ̀ kí ìfẹ́ yìí má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Fáànù ń yí. Adébánjọ ń fa òwú kápẹ́ẹ̀tì.

"Kúnbi, fèsì," Àǹtí Lará ní. "Ìdákẹ́jẹ́ yìí ò dáa."

"Ẹ bi Adébánjọ, Mà," Kúnbi dáhùn. Ju ìyẹn lọ, kò sọ.

"Kí la fẹ́ bi í?" ìyá náà jágbe. "Ṣé òun ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni?"

Diamond ni ó ké láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Bọ̀dá Bánjọ, ẹ ò ní sọ̀rọ̀? Ṣebí mo bi yín! Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ ṣe JAMB, mo ní ṣé kí n lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má lọ. Ẹ ní Àǹtí Kúnbi ní kí n má ṣèyọnu, pé àwọn á fi mí wọlé. Ẹ ní kí n má sọ fún Mummy!"

Ìyá náà yí sí ọmọkùnrin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Adébánjọ. Ṣé òótọ́ ni?"

"Mummy, mo rò pé àyè máa ṣí. Mo rò pé kò ní pọndandan. Mi ò fẹ́ kí inú yín bà jẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹ lé Kúnbi…"

"O wá fi orúkọ ẹ̀ parọ́?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Adébánjọ kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Diamond ti jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún ọdún rẹ̀ tó lọ. Kúnbi wò ó, ojú sì ti òun náà. Ìpè kan ṣoṣo ni ìbá gba ọmọ yìí, òun tí ó pe gbogbo ayé kò pè é, nítorí pé ó ń bẹ̀rù ìyá ọkọ. Ó rìn lọ bá a, ó ní, "Diamond, forí jì mí. Ó yẹ kí n pè ọ́ fúnra mi." Ó kúnlẹ̀ fún ìyá náà, ó kí i, ó jáde. Adébánjọ sáré tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ń bí i lójú oorun, ó ń bí i lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ̀rín kan bá ta láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ á fò. Nígbà tí ó ṣe, Àǹtí Lará wá sílé.

"Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ ọ́," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn. Wọ́n ní Diamond á máa bá àwọn tajà títí JAMB mìíràn fi dé, pé ẹ̀bi ẹ kọ́. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn máa wá rí bàbá ẹ. Diamond wọlé o, kò wọlé o."

Gbogbo ohun tí ó ti ń tọrọ nìyẹn. Kúnbi wá ayọ̀ nínú ara rẹ̀, kò rí i. "Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Ẹ ní kí Adébánjọ wá fúnra ẹ̀."

Ó wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí àga tí àwọn òbí máa ń jókòó sí. Ó ti rù. Kúnbi kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Tí Diamond ò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ìwọ máa sọ ọ́?"

Ẹ̀rín náà ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, ẹ̀rín tí ó máa ń fi tu ènìyàn nínú. Kúnbi rí i, ó sì múra sílẹ̀: bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á dìde, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rín náà kò dé. Adébánjọ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Mo fẹ́ sọ pé màá sọ ọ́. Mi ò mọ̀, Kúnbi."

Ó dun Kúnbi wọ egungun. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò rántí ìgbà tí Adébánjọ ti sọ ohun tí òun kò fẹ́ gbọ́ fún òun rí.

"Sọ fún Mummy kí wọ́n má tíì wá ní Sátidé."

Ojú Adébánjọ rẹ̀wẹ̀sì. "O ò fẹ́ mi mọ́."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ nìkan ni kó o wá. Má mú Àǹtí Lará dání, má mú ẹnikẹ́ni. Wá sọ nǹkan tí o ṣe fún Dádì mi, láti ẹnu ara ẹ, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Tí o bá lè ṣe ìyẹn, kí wọ́n máa bọ̀. Tí o ò bá lè ṣe é, má wulẹ̀ wá."

"Dádì ẹ? Wọ́n máa lé mi jáde."

"Ó ṣeé ṣe."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, Adébánjọ dé sí ilé àwọn Kúnbi ní Ìsọlọ̀. Kúnbi ń dín dòdò nínú kíṣínì, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sí pálọ̀ díẹ̀. Ó gbọ́ bí ó ṣe dọ̀bálẹ̀. Ó gbọ́ bàbá rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ iyàn lórí ohun tí rédíò sọ láàárọ̀, ó sì gbọ́ Adébánjọ tó ń gbè é lẹ́sẹ̀, tó ń fi àwàdà sí i, títí bàbá náà fi bú sẹ́rìn-ín. Kúnbi yí dòdò padà nínú epo. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó wí nínú ara rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín lọ, yóò rẹ́rìn-ín bọ̀, yóò sì lọ sílé láìsọ nǹkan kan.

"Ọmọ mi," bàbá rẹ̀ ní, "nígbà wo gan-an làwọn èèyàn rẹ ń bọ̀?"

Àga dún, bí ẹni pé ènìyàn kan kúrò lórí rẹ̀ tó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ má tíì pè mí lọ́mọ yín. Mo pa irọ́ kan fún Kúnbi, mo tún fi orúkọ Kúnbi parọ́ fún àbúrò mi. Ọdún kan ló gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, sà, kí ẹ tó bínú."

Bàbá Kúnbi, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí gbólóhùn nínú ilé yẹn, kò sọ nǹkan kan. Kúnbi pa iná gáàsì, ó fi dòdò sílẹ̀ nínú epo, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ó lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.